Ẹ̀yìn Àgbẹ̀ Ni Irinṣẹ́ Rẹ̀ Àkọ́kọ́: Ẹ̀kọ́ lórí Gbígbé, Kíkó àti Títo Ẹrù Wíwúwo

Ẹ̀kọ́ yìí wà fún àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìgbẹ́sà, Lùsàdà, Àtàn àti àwọn abúlé tí ó yí wọn ká. Ẹ kà á ní ìpàdé ẹgbẹ́. Kí ẹni tí ó mọ̀wé kà á sí etí ẹni tí kò mọ̀wé.

ÌDÍ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ

Bí ọkọ́ bá dá, a lè ra òmíràn ní ọjà. Bí àdá bá kújú, a lè pọ́n ọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn àgbẹ̀ bá bàjẹ́, kò sí ọjà tí a ti ń tà á. Ẹ̀yìn ni a fi ń kọ ebè, òun ni a fi ń fa ẹ̀gẹ́ tu, òun náà ni a sì fi ń ru ẹrù wálé. Àgbẹ̀ tí ẹ̀yìn dá dúró fún oṣù méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò lè pàdánù ọ̀gbìn ọdún náà, nítorí òjò kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ní agbègbè wa, ọ̀rọ̀ yìí tún ní ìhà kejì. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ti pọ̀ ní Ọ̀tà, ní Àgbárá, àti ní Agbègbè Òwò Ọ̀fẹ́ Ogun-Guangdong tí ó wà ní Ìgbẹ́sà níhìn-ín, àwọn ọ̀dọ́ kan ń já ẹrù ní ilé iṣẹ́ láàrin ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń ṣe oko ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò fún iṣẹ́ méjèèjì.

OHUN TÍ ẸRÙ Ń ṢE SÍ ARA

Egungun ẹ̀yìn kì í ṣe ọ̀pá kan gbọọrọ. Eegun kéékèèké ni ó to lé ara wọn, ohun rírọ̀ kan bí ìrọ̀rí sì wà láàrin eegun kan àti èkejì. Bí a bá nàró, ẹrù a tẹ ìrọ̀rí náà dọ́gba. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹrù pẹ̀lú ẹ̀yìn títẹ̀, pàápàá bí a bá tún ń lọ́ ìbàdí, apá kan nìkan ni ẹrù ń tẹ̀. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ìrọ̀rí náà lè yọ síta, kí ó sì tẹ iṣan tí ó lọ sí ẹsẹ̀. Nígbà náà ni irora yóò máa ti ìbàdí sọ̀ kalẹ̀ dé ọmọ ẹsẹ̀.

Kì í sábà jẹ́ ẹrù ńlá ọjọ́ kan ni ó ń ba ẹ̀yìn jẹ́. Ẹrù ojoojúmọ́ tí a ń gbé lọ́nà tí kò tọ́ ni. Ọ̀pọ̀ a máa pe irora náà ní jẹ̀díjẹ̀dí, wọn a sì mu àgbo sí i. Àwọn mìíràn a gbé oògùn apàrora mì kí wọ́n tó lọ ru ẹrù. Oògùn apàrora kì í tún ẹ̀yìn ṣe. Ìkìlọ̀ tí ẹ̀yìn ń ṣe ni ó ń pa lẹ́nu mọ́.

ẸRÙ TÍ Ó TÓ ÈNÌYÀN GBÉ

Ní ọdún 1967, Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ dámọ̀ràn pé ẹrù tí ọkùnrin kan ṣoṣo yóò fi ọwọ́ gbé kò yẹ kí ó ju kílò 55 lọ. Ìmọ̀ ti tẹ̀ síwájú láti ìgbà náà. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tọ́ àwọn ènìyàn sọ́nà báyìí fún ọkùnrin tí ara rẹ̀ le:

Ẹrù tí ó wà ní ìbàdí, tí ó sún mọ́ ara: kílò 25.
Ẹrù tí ó wà ní ìbàdí, ṣùgbọ́n tí a na ọwọ́ gbé: kílò 15.
Ẹrù tí a gbé láti ilẹ̀, tí ó sún mọ́ ara: kílò 10.

Fún obìnrin, ti ìbàdí tí ó sún mọ́ ara jẹ́ kílò 16. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni kan náà tí ó lè gbé kílò 25 ní ìbàdí kò yẹ kí ó gbé ju kílò 10 lọ láti ilẹ̀. Ibi tí ẹrù wà ṣe pàtàkì bí ìwọ̀n rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ wo ẹrù tiwa. Àpò ajílẹ̀ jẹ́ kílò 50, bẹ́ẹ̀ náà ni àpò sìmẹ́ńtì. Àpò àgbàdo ńlá tó kílò 100. Kẹ́ẹ̀gì omi onílítà 25 jẹ́ kílò 25. Gbogbo wọn ni a sì sábà máa ń gbé láti ilẹ̀.

Àwọn àgbà sọ pé ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ènìyàn méjì lè gbé ìlọ́po méjì ohun tí ẹnì kan lè gbé. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àpapọ̀ agbára wọn ni ó máa ń jẹ́. Àwọn méjì tí olúkúlùkù lè gbé kílò 25 yóò gbé nǹkan bí kílò 33. Nítorí náà, àpò kílò 50 ń fẹ́ ju ènìyàn méjì lọ. Ó ń fẹ́ ọgbọ́n.

Ọ̀NÀ MẸ́RIN TÍ A FI Ń DÁÀBÒ BO Ẹ̀YÌN

Ẹ tẹ̀ lé wọn bí a ti tò wọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀kẹrin, bẹ́ẹ̀ ni èyí àkọ́kọ́ ni ó ń ṣe àǹfààní jù.

1. Ẹ dín gbígbé kù. Ẹ̀gẹ́ tútù kílò 100 kì í sábà mú gààrí ju nǹkan bí kílò 20 sí 25 lọ. Èyí tí ó kù jẹ́ omi àti èèpo. Àgbẹ̀ tí ó ru ẹ̀gẹ́ tútù láti oko dé ilé, omi ni ó ń rù jù. Bí omi tó mọ́ bá wà ní ìtòsí oko, ó dára kí ẹgbẹ́ gbé ẹ̀rọ ìrìn ẹ̀gẹ́ sí ibẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí a kó ẹ̀gẹ́ jọ sí etí ọ̀nà tí ọkọ̀ lè dé.

Ẹ jẹ́ kí a tún ṣe ìṣirò kan. Bí ẹgbẹ́ bá ra àpò ajílẹ̀ 200, ó jẹ́ kílò 10,000. Bí a bá já a láti inú ọkọ̀ sí ilẹ̀, tí a gbé e láti ilẹ̀ wọ inú ilé ìkẹ́rùsí, tí a tún gbé e lé orí òkìtì, ìgbà mẹ́ta ni a gbé e: kílò 30,000. Bí a bá gbé e láti orí ọkọ̀ sórí ọmọlanke, àti láti orí ọmọlanke sórí òkìtì, ìgbà méjì ni: kílò 20,000. Kò sì sí ọ̀kan tí a gbé láti ilẹ̀, níbi tí gbígbé ti burú jù.

2. Ẹ dín ìwọ̀n ẹrù kù. Ẹ pín àpò àgbàdo kílò 100 sí mẹ́rin. Ẹ má ṣe rọ kẹ́ẹ̀gì kún bí ọ̀nà bá jìn. Lílọ lẹ́ẹ̀mejì sàn ju dídùbúlẹ̀ fún oṣù méjì.

3. Ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ gbé e. Bárò kan tàbí ọmọlanke kan lè ju agbára àgbẹ̀ kan lọ, ṣùgbọ́n kò ju agbára ẹgbẹ́ lọ. Ẹ rà á, kí ẹ yan ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Àgbá epo onílítà 200 kì í ṣe ohun gbígbé rárá. Ẹ yí i lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ sì fi igi dá a dúró ní ìhà méjèèjì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró níwájú rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

4. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbé e, ẹ gbé e báyìí. Ẹ kọ́kọ́ gbá ọ̀nà mọ́, kí òkúta àti ẹrẹ̀ má bàa yọ̀ yín. Ẹ fi ẹsẹ̀ tì í díẹ̀ láti mọ bí ó ti wúwo tó. Ẹ la ẹsẹ̀, kí ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ tẹ orúnkún ba, kí ẹ̀yìn má ṣe tẹ̀. Ẹ fà á mọ́ àyà, kí ẹ fi itan dìde. Bí ẹ bá fẹ́ yà, ẹ fi ẹsẹ̀ yà. Ẹ má ṣe lọ́ ìbàdí. Bí a ó bá rù ú lórí, kí a lo òṣùká, kí ènìyàn méjì gbé e ru ẹni náà, kí àwọn méjì sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Aláboyún kò gbọdọ̀ gbé ẹrù wíwúwo. Ní ti ọmọdé, Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa kò gbà kí a ní kí ó gbé tàbí kí ó ru ohun tí ó wúwo tó láti pa ìdàgbàsókè ara rẹ̀ lára.

TÍTO ẸRÙ SÍ ILÉ ÌKẸ́RÙSÍ

Ẹ fi pákó ṣe pèpéle sí abẹ́ àpò, kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má bàa mú ajílẹ̀ dì tàbí kí ó mú ọkà bu. Ẹ fi àyè tí ènìyàn lè gbà kọjá sílẹ̀ láàrin òkìtì àti ògiri. Ẹ to àpò bí a ti ń to búlọ́ọ̀kù, kí èyí tí ó wà lókè di oríkèé àwọn méjì tí ó wà nísàlẹ̀. Kí òkìtì má ṣe ga ju èjìká lọ. Òkè ni kí ẹ ti máa mú àpò. Ẹni tí ó fa ti ìsàlẹ̀ yọ lè wó gbogbo rẹ̀ lu ara rẹ̀, àpò bíi mélòó kan sì tó láti pa ènìyàn. Ohun tí a ń lò lójoojúmọ́ ni kí ó wà ní ìbàdí. Èyí tí ó wúwo jù kò gbọdọ̀ sí lókè. Ẹ ya oògùn kòkòrò sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ oúnjẹ àti irúgbìn, kí ẹ sì tì í pa. Kí ọmọdé má ṣe ṣeré nínú ilé náà.

BÍ ÌPALÁRA BÁ ṢẸLẸ̀

Ẹ dá iṣẹ́ ẹrù dúró, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Rírìn díẹ̀díẹ̀ ń ran ẹ̀yìn lọ́wọ́. Bí ẹsẹ̀ bá kú tàbí kò lágbára, bí ojú ara bá kú, tàbí bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ kò bá ṣeé dá dúró mọ́, tàbí tí ìtọ̀ kọ̀ láti jáde, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Wíwú ní ìsàlẹ̀ ikùn lẹ́yìn ẹrù gbígbé náà ń fẹ́ dókítà.

Ẹni tí ó farapa lẹ́nu iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010, èyí tí àjọ NSITF ń bójú tó. Kí ó sọ fún agbanisíṣẹ́ rẹ̀ láàrin ọjọ́ 14. Kí ó má ṣe fi pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

1. Ẹrù wo ni ó wúwo jù tí ẹgbẹ́ wa ń gbé, ìgbà mélòó sì ni a ń gbé e kí ó tó dé àyè rẹ̀?
2. Èwo nínú gbígbé náà ni a lè mú kúrò láìná owó?
3. Èló ni ó kù kí a fi ra ọmọlanke?
4. Ta ni yóò máa yẹ òkìtì àpò wò ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀?

Ẹ kọ ìdáhùn sínú ìwé ẹgbẹ́, kí ẹ sì tún un kà ní ìpàdé tí ó ń bọ̀. Ẹ̀yìn tí a dáàbò bò lọ́dún yìí ni yóò kọ ebè ọdún tí ń bọ̀.