Iṣẹ́ Ọnà Gbígbẹ́ ní Ilẹ̀ Èkìtì: Ojúṣe Gbẹ́nugbẹ́nu

Ìfáàrà
Àwọn àgbà a máa wí pé gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Àwa tí a ń kọ́ èdè àti àṣà Yorùbá ni gbẹ́nugbẹ́nu ayé òde òní. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti yẹ iṣẹ́ ọlọ́nà Èkìtì wò, kí a sì bi ara wa bóyá a ti ṣe ojúṣe tiwa.

Bí a ti ń gbẹ́ ère
Igi tútù ni àwọn ọlọ́nà fẹ́ràn láti gbẹ́, nítorí pé kò le bí igi gbígbẹ. Ìtì igi kan ṣoṣo ni ère kan máa ń jẹ́. A kì í kan apá tàbí orí mọ́ ọn lára. Nítorí náà, ohun tí a bá ti gé kúrò kò ṣeé dá padà mọ́. Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ náà pín sí:
(i) Ọ̀nà lílé: a ó kọ́kọ́ la orí, ara àti ẹsẹ̀ sọ́tọ̀ gbàgàdà.
(ii) Àlétúnlé: a ó yọ ojú, etí àti ọwọ́.
(iii) Dídán: a ó fi ọ̀bẹ há ara ère títí yóò fi jọ̀lọ̀.
(iv) Fífín: a ó fi ẹnu ọ̀bẹ fín irun, ilà ojú àti ọnà ara aṣọ.

Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀
Ẹfọ̀n-Aláayè ni a bí Ọlọ́wẹ̀ sí ní nǹkan bí ọdún 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ni ó ti ṣiṣẹ́ fún ọba. Láàárín ọdún 1910 sí 1914, ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, ìlú tí kò jìnnà sí Adó-Èkìtì. Lára ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, àwọn ènìyàn gbé òyìnbó aláṣẹ, Captain Ambrose, bọ̀ wá kí ọba. Àwọn ère náà yọ síta lára pákó tó bẹ́ẹ̀ tí orí àwọn kan fi kọjú sí ẹni tí ń wò wọ́n.

Ní 1924 ni a gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. British Museum fẹ́ ẹ, Ògògà sì gbà kí wọ́n fi àga ọba tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà sì wà ní Art Institute of Chicago, ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1984.

Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Ọdún 1988 ni ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ki oríkì rẹ̀ fún onímọ̀ tó gbà á sílẹ̀. Oríkì náà ka orúkọ àwọn ìlú tí iṣẹ́ ọkùnrin náà ti lókìkí. Bí ìyá yìí bá ti kú ṣáájú, irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ìbá bá a lọ.

Ìkádìí
Igi ń jẹrà, ikán ń jẹ òpó, olówó sì ń ra ère lọ. Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́ ni orúkọ, oríkì àti èdè iṣẹ́ náà. Nígbà tí a bá lọ sílé ní ìsinmi, ẹ jẹ́ kí a bi àwọn àgbà léèrè pé ta ni ó gbẹ́ òpó ààfin wa, kí ni oríkì rẹ̀, kí sì ni a ń pe irinṣẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè wa. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Gbẹ́nàgbẹ́nà kò jẹ wá ní gbèsè. Àwa ni a jẹ ẹ́.