Kí Ẹ Tó Gbé Àpótí Oyin Wọ Oko Kòkó

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa ní Ìlódè ní Ifẹ̀, tí ilé yín wà nígboro ṣùgbọ́n tí oúnjẹ yín ń ti oko wá, bí ẹnikẹ́ni bá gbé àpótí oyin dé ọ̀dọ̀ yín, tó ní kí ẹ rà á torí pé oyin á mú kí kòkó yín so ju ti èṣín lọ, ẹ má sanwó. Oyin kọ́ ló ń mú kí òdòdó kòkó di èso. Bí ẹ bá fẹ́ sin oyin kí ẹ lè ta oyin, kò sí aburú níbẹ̀, a óò sì dé orí ọ̀rọ̀ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ta oyin fún yín nítorí kòkó, yálà kò mọ iṣẹ́ ni, tàbí ó mọ̀ ọ́n tán, owó yín ló ń wá.

Ẹ lọ wo òdòdó kòkó fúnra yín. Ara igi ló ti ń yọ, kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná lọ, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ tó jẹ́ ti akọ sì fara pamọ́ sínú àpò kéékèèké márùn-ún. Orí oyin ò gba ibẹ̀. Ẹni tó ń wọ ibẹ̀ jẹ́ irú kantíkantí kan tí kò gùn ju mílímítà 3 lọ. Òun ló ń kó lẹ́búlẹ́bú látara igi kan, tó ń gbé e lọ sára èyí tó jẹ́ abo lórí igi mìíràn. Iṣẹ́ yìí ò sì ṣeé fi falẹ̀, torí kùtùkùtù ni òdòdó kòkó ń là, bí kantíkantí kò bá yà síbẹ̀ láàárín ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ kan àbọ̀, ó ti já bọ́ nìyẹn. Igi kan lè tú òdòdó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́dún, èyí tó ń di èso nínú wọn kì í sábà ju 5 nínú 100 lọ. Púpọ̀ nínú irú kòkó tí ìran rẹ̀ ti agbègbè odò Amazon wá kì í sì í gba lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀; ó di dandan kí ti igi mìíràn dé ibẹ̀.

Ibo wá ni kantíkantí yìí ń gbé? Inú ohun tó ń jẹrà, tó tutù, tí oòrùn ò sì pa. Ó ń yé sínú ewé kòkó tó ti rọ̀ mọ́lẹ̀, sínú èèpo kòkó, àti sínú ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá gbá abẹ́ kòkó rẹ̀ mọ́ bí ìgbà tí ìyàwó ilé gbá àgbàlá, tó tún gé gbogbo igi tó ń ṣíji bo oko, ilé ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ló wó yẹn. Àwọn àgbà ní ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò tó ohun tí à ń pọ́n àdá sí. Ti oko kòkó yàtọ̀ o. Ẹ pọ́n àdá, kí ẹ gé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ ti kórè orí rẹ̀ sí ìwọ̀n apá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tò ó sábẹ́ òjìji káàkiri oko kó tó di àkókò tí kòkó ń tú òdòdó. Bí èyí tó wà níbẹ̀ bá ti gbẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Wàhálà wà nínú ọ̀rọ̀ èèpo kòkó ṣá, mi ò sì ní fi bò. Ọ̀rinrin tí kantíkantí fẹ́ náà ni àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú fẹ́, òjò Ifẹ̀ sì pọ̀ tó fún àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá kó èèpo èso tó ti ṣàìsàn jọ sábẹ́ igi, tó ní òun ń sin kantíkantí, àrùn ló ń sin. Èso tó bá ti dúdú, ẹ já a, ẹ gbé e kúrò lóko, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀. Ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ gbára lé, torí àrùn yẹn kì í gbé inú rẹ̀.

Ọ̀nà kejì tí wọ́n lè gbé wá bá yín ni kí ènìyàn fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ kantíkantí. Eléyìí kì í ṣe irọ́. Ìjọba Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́ fún un ní 2017. Wọ́n á mú ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ dání, wọ́n á já òdòdó igi kan, wọ́n á sì fi lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ra ibi tó jẹ́ abo nínú òdòdó igi mìíràn, láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi mú. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lóko kòkó ní orílẹ̀-èdè Indonesia, tí wọ́n gbé jáde ní 2020, sọ pé fífi ọwọ́ ṣe é fi 161 nínú 100 kún ohun tí igi kòkó so. Ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀mú fún yín á ka nọ́ńbà yẹn sí yín létí, á sì dákẹ́ síbẹ̀. Ìwádìí kan náà ní owó tó wọlé fún àgbẹ̀ fi 69 nínú 100 pọ̀ sí i. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì, àpò alágbàṣe ni púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Ẹ béèrè iye tí alágbàṣe ń gbà lóòjọ́ lọ́dọ̀ọ yín lónìí, kí ẹ ṣírò tiyín.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tó ń bà mí lẹ́rù jùyẹn lọ. Púpọ̀ nínú igi kòkó ilẹ̀ Ifẹ̀, àwọn bàbá wa ló gbìn ín. Arúgbó igi ni. Bí ẹ bá fipá di èso lé e lórí ju agbára rẹ̀ lọ, èso kéékèèké náà á dúdú, á gbẹ sára igi, igi fúnra rẹ̀ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti orí ẹ̀ka. Ẹni tí kò bá tíì gé ẹ̀ka tó yẹ ní gígé, tí kò tíì fún ilẹ̀ ní oúnjẹ, kó má ì tíì mú ẹ̀mú dání. Bí ẹ bá sì fẹ́ dán an wò, ẹ fi igi díẹ̀ lọ́wọ́ oko kan ṣe é ní ọdún kan, kí ẹ ka èso wọn mọ́ ti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Oyin ní iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń ṣe. Ẹ̀gúsí, elégédé, bàrà àti kùkúńbà, akọ òdòdó wọn dá wà, abo dá wà, bí oyin ò bá lọ láti ọ̀dọ̀ akọ sọ́dọ̀ abo, èso kékeré tó wà nídìí abo á rọ, á sì já. Òwúrọ̀ ni wọ́n ń là, tó bá fi máa di ọ̀sán, púpọ̀ ti pa dé. Kaṣú àti ọsàn náà ń jèrè oyin. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló ń ṣe ti àgbàdo. Ẹ gbìn ín ní ẹsẹ̀ bíi mẹ́rin, márùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ má gbìn ín ní ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, ó tán. Ẹ̀wà ń ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú òdòdó kan ṣoṣo. Ẹni tó bá gbin elégédé díẹ̀ sẹ́yìnkùlé ní Ìlódè, tó ń rí i pé èso rẹ̀ ń já, kó jí ní kùtùkùtù, kó já akọ òdòdó kan, kó bọ́ ewé aláwọ̀ ìyeyè rẹ̀ kúrò, kó fi èyí tó kù nínú rẹ̀ ra inú abo òdòdó méjì tàbí mẹ́ta. Kí ni ẹ fẹ́ sanwó fún níbẹ̀?

Ti ọ̀pẹ dùn ún gbọ́. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ọ̀pẹ ti wá, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Malaysia, wọn ò gbé kòkòrò tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ń sanwó fún ènìyàn láti máa fi ọwọ́ da lẹ́búlẹ́bú sára abo òdòdó ọ̀pẹ, títí di 1981 tí wọ́n wá kó kòkòrò kékeré kan láti Kamẹrúùnù lọ tú sílẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n dá àwọn alágbàṣe dúró. Kòkòrò yẹn gan-an ló ń rìn lórí akọ òdòdó ọ̀pẹ yín nísinsìnyí, tí àwọn kan sì ń fín oògùn lù ú torí wọ́n rò pé ó ń jẹ ọ̀pẹ.

Ọ̀rọ̀ oògùn yìí ni mo fẹ́ dúró lé. Àpótí oyin mẹ́wàá ò wúlò fún oko tí wọ́n ń fín láàárọ̀. Àwọn tó dàgbà láàárín yín rántí Gammalin, tí gbogbo oko kòkó fi ń rùn. Wọ́n ti fòfin dè é, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń béèrè rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. NAFDAC fòfin de Paraquat láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, 2024. Ẹ má po Sniper tàbí ọ̀tápíápíá mọ́ nǹkan kan. Irú oògùn kan wà tí igi ń fà mu láti gbòǹgbò tàbí ewé, tó ń dé inú òdòdó. Imidacloprid tí wọ́n ń kọ sára ọ̀pọ̀ ike oògùn kòkó wà lára wọn. Ní 2018, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà nínú ẹgbẹ́ EU ní kò gbọ́dọ̀ kan irúgbìn tó wà ní gbangba mọ́, nítorí oyin. Ẹ ka ara ike. Bí ojú ò bá ríran tó, ẹ fún ọmọ tó ń lọ sílé ìwé kó kà á.

Bí fífín bá di dandan, ìrọ̀lẹ́ ni, lẹ́yìn tí oyin ti wọlé tí òdòdó sì ti pa dé, lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ò jà. Ẹ má fín ẹ̀gúsí tàbí ẹ̀wà tó ń tanná lọ́wọ́. Bí aládùúgbò oko yín bá ń sin oyin, ẹ sọ fún un ní ọjọ́ kan ṣáájú kó lè dí ẹnu àpótí. Ẹ rántí pé oyin ń lọ jìnnà ju ààlà oko lọ. Oògùn tí ẹ fín sí tiyín lè pa ti ẹni tó wà ní odò kejì.

Ẹ jẹ́ kí n wá bá àwọn tó fẹ́ sin oyin sọ̀rọ̀. Oyin ilẹ̀ wa le. Ní 1956, onímọ̀ kan ní Bùràsílì tó ń jẹ́ Warwick Kerr kó oyin láti ilẹ̀ Áfíríkà lọ, ìbátan oyin tiwa ni. Ní 1957, ọ̀wọ́ 26 sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n bá oyin ibẹ̀ lòpọ̀, wọ́n ń tàn kálẹ̀, wọ́n ń ta ènìyàn àti ẹran pa lọ́nà, wọ́n sì wọ ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà ní 1990. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń sá fún ni àwọn kan fẹ́ gbé sẹ́yìn agboolé.

Ẹ má gbé àpótí oyin sí àárín Ìlódè. Agboolé kan kì í jìnnà sí èkejì níbẹ̀, ọmọdé ń sáré kiri, ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko sì ń bí oyin nínú. Inú oko ni ààyè rẹ̀, kó jìnnà sí ojú ọ̀nà, sí ilé ìwé, àti sí ibi tí ẹnikẹ́ni ń so ewúrẹ́ mọ́, torí ẹran tí a so mọ́lẹ̀ ò lè sá. Ẹ kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ẹni tó ti ń ṣe é kí ẹ tó ra àpótí kan. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbí, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó (CRIN) sì wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ nílùú Ìbàdàn láti 1964. Ìbéèrè ò gbówó lọ́wọ́ yín.

Bí oyin bá dojú kọ yín, ẹ bo ojú, kí ẹ sáré wọ yàrá tó ní ìlẹ̀kùn, kí ẹ tì í. Ẹ má dúró máa jùwọ́, ẹ má sì kó sódò. Ẹ tètè fi èékánná ha ẹ̀gún rẹ̀ kúrò lára, torí bó bá ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ ni oró ń wọlé tó. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ń wú, tí èémí ń há, tàbí ọmọdé tí ọ̀pọ̀ oyin ta, ilé ìwòsàn OAUTHC ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró wá àgbo.

Àwọn tó kọ́ ilé onírọ́bà fún tòmátì, mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ àti oyin ò wọ ibẹ̀. Òdòdó tòmátì ń fẹ́ kí nǹkan gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì kó tó tú lẹ́búlẹ́bú. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín oníbátìrì tí a fi kan ìdí òdòdó ní àárín òwúrọ̀ tó fún oko kékeré. Bí ẹnìkan bá ní òun lè bá yín gbé oyin ńlá onírun tí àwọn òyìnbó ń lò fún tòmátì wá láti Yúróòpù, ẹ lé e jáde. Orílẹ̀-èdè Chile gbà wọ́n wọlé ní nǹkan bí 1997, wọ́n kọjá sí Argentina, oyin ńlá tó jẹ́ ti ibẹ̀ látilẹ̀ sì ti ń kú tán láwọn ibi tí wọ́n dé.

Ọ̀rọ̀ kan kù, fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé. Ní ìgbà mìíràn, ọ̀wọ́ oyin á wá ṣù jọ sára igi máńgòrò tàbí sábẹ́ òrùlé. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i, ẹ má tanná sí i. Nígbà ẹ̀rùn, ilé ni yóò jó. Ìrìn-àjò ni púpọ̀ nínú wọn wà, wọn kì í sì í wá ìjà nígbà tí wọn ò bá tíì ní ilé. Ẹ kó àwọn ọmọ àti ẹran jìnnà sí i, ẹ pa jẹnẹrétọ̀ tó wà nítòsí. Bí ọjọ́ méjì, mẹ́ta bá kọjá tí wọn ò lọ, tàbí tí wọ́n ti ń wọ inú ògiri, ẹ pe ẹni tó ń sin oyin kó wá kó wọn lálẹ́.