Tí Wọ́n Bá Yọ Eyín Òkè, Ṣé Ojú Á Fọ́? Ohun Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Mọ̀ Kẹ́ Ẹ Tó Yọ Eyín

Ẹni tó bá dàgbà ní Kúta, ní Ìwó tàbí ní Ilé-Ogbó á ti gbọ́ ọ rí: "Má jẹ́ kí wọ́n yọ eyín òkè ẹ o, ojú ẹ á fọ́." Torí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn kan ń fi oògùn ìrora pa eyín tó ti jẹrà mọ́ra fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ jẹ́ ká tú u wò lónìí. Kí ló pa eyín àti ojú pọ̀? Kí ni dókítà ń ṣe gan-an nínú ẹnu? Kí ló sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ yọ eyín máa retí?

Ṣé eyín àti ojú so pọ̀?

Iṣan ìmọ̀lára kan wà tó ń gbé ìrora eyín lọ sínú ọpọlọ. Trigeminal ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀ka mẹ́ta ló ní: ọ̀kan lọ sí iwájú orí àti agbègbè ojú, èkejì lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eyín òkè, ẹ̀kẹta lọ sí àgbọ̀n àti eyín ìsàlẹ̀. Ibì kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pín, ìdí nìyẹn tí eyín òkè fi lè máa dunni kó sì dà bíi pé ojú ló ń dunni.

Àmọ́ iṣan tá a fi ń ríran yàtọ̀ pátápátá. Optic lorúkọ ẹ̀, ẹ̀yìn ẹyinjú ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sì bá eyín pàdé níbì kankan. Yíyọ eyín kì í fọ́ ojú. Kódà, òdìkejì ọ̀rọ̀ yẹn ló sún mọ́ òótọ́: bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ọyún láti ara eyín òkè tó jẹrà tí wọn ò tọ́jú lè gùn dé ihò tí ẹyinjú wà, kó sì ba ojú jẹ́.

Kí ló ń jẹ eyín?

Àwọn àgbà ní kòkòrò ló ń jẹ eyín. Wọn ò kúkú parọ́, àmọ́ kì í ṣe kòkòrò tí ojú lásán lè rí. Bakitéríà ni, èyí tó sì gbajúmọ̀ nínú wọn ni Streptococcus mutans. Ó ń jẹ ṣúgà tó bá ṣẹ́ kù sẹ́nu wa, ó sì ń ti ibẹ̀ ṣe ásíìdì. Ásíìdì yìí ló ń dá ihò sí eyín díẹ̀díẹ̀, títí tí ihò náà á fi dé àárín, níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára wà. Ìgbà yẹn ni èèyàn ò ní lè sùn lóru.

Ẹ fọkàn sí èyí dáadáa: tí eyín bá ń dunni gan-an, tó wá dákẹ́ lójijì, ìyẹn ò ní kó ti san. Ó lè jẹ́ pé iṣan inú ẹ̀ ló ti kú, òkú kì í sì í ké. Bakitéríà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń gba gbòǹgbò eyín wọnú egungun lọ.

Tẹ́ ẹ bá tètè lọ, dókítà lè dí ihò náà, tàbí kó fọ inú gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ kó tó dí i. Kì í ṣe gbogbo eyín tó ń dunni ni wọ́n ń yọ.

Eyín ọgbọ́n ńkọ́?

Láàárín ọmọ ọdún 17 sí 25 ni eyín tó kẹ́yìn pátápátá sábà máa ń jáde. Nígbà míì, àyè ò sí fún un. Á wá dùbúlẹ̀ sínú egungun, tàbí kí ìdajì ẹ̀ jáde, kí oúnjẹ máa há sábẹ́ ẹran tó bo ìdajì tó kù. Tí wọ́n bá máa yọ irú eyín yìí, iṣẹ́ abẹ ni. Wọ́n lè la èrìgì, kí wọ́n gé egungun díẹ̀, kí wọ́n gé eyín náà sí wẹ́wẹ́ kó lè jáde, kí wọ́n tó rán ojú ibẹ̀.

Lórí àga dókítà

Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lọ, àfi tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má jẹun torí pé wọ́n fẹ́ fún yín lóògùn tó ń múni sùn. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ikọ́ ife tàbí fòníkú-fọ̀ládìde, tẹ́ ẹ bá lóyún, tàbí tẹ́ ẹ̀ ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ sọ ọ́. Ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò àti fọ́tò X-ray, abẹ́rẹ́ ló kàn. Lidocaine ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, oògùn tí Nils Löfgren ṣe ní Sweden ní ọdún 1943. Kí iṣan tó lè gbé ìròyìn ìrora, sodium gbọ́dọ̀ gba àwọn ẹnu ọ̀nà kéékèèké wọ inú ẹ̀. Lidocaine ló ń ti àwọn ilẹ̀kùn yẹn pa. Ibẹ̀ á kú tipiri fún wákàtí mélòó kan. Ẹ ṣì máa mọ̀ pé wọ́n ń tẹ nǹkan, ẹ sì lè gbọ́ ìró, àmọ́ kò yẹ kó máa dùn yín. Tó bá ń dùn yín, ẹ gbọ́wọ́ sókè, wọ́n á fi oògùn kún un.

Ẹni tó bá ti fa ẹ̀gẹ́ tu rí mọ̀ pé kì í ṣe agbára lásán: wọ́n ń mì í kí ilẹ̀ kọ́kọ́ tú ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni eyín. Okùn tín-ín-rín ló so ó mọ́ egungun. Dókítà á rọra máa mì í títí ihò ẹ̀ á fi fẹ̀, tí àwọn okùn náà á fi já.

Ẹ̀jẹ̀ tó dì yẹn, ẹ tọ́jú ẹ̀

Wọ́n á fún yín ní òwú kẹ́ ẹ gé e mọ́ eyín fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ á dì sínú ihò náà. Ẹ̀jẹ̀ dídì yìí ló ń bo egungun, òun náà ni ara fi ń tún ibẹ̀ ṣe. Tó bá ṣí kúrò, egungun á wà níhòòhò, ìrora líle á sì bẹ̀rẹ̀ ní bí ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrin. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Kó má bàa ṣẹlẹ̀:

- Fún wákàtí 24 àkọ́kọ́, ẹ má yọ ẹnu, ẹ má sì tutọ́ tagbáratagbára. Itọ́ tó pọ́n díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rù.
- Ẹ má fa nǹkan mu. Píọ̀ wọ́tà gan-an, ẹ dà á sínú ife.
- Ẹ má mu sìgá, ẹ má mu ọtí, ẹ má sì da ògógóró sójú ibẹ̀.
- Ẹ jẹ nǹkan rírọ̀ tí ò gbóná: ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, àmàlà tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ fi gààrí mímu, gúgúrú àti ẹ̀pà sílẹ̀ ná, wọ́n lè kó sínú ihò.
- Oògùn tí wọ́n kọ fún yín nìkan ni kẹ́ ẹ lò. Aspirin wà nínú Alábùkún, aspirin kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Tẹ́ ẹ bá ní ọgbẹ́ inú, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó fún yín ní ibuprofen.
- Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ máa fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ rọra fọ ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ.

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè wú títí di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, kó tó máa lọ sílẹ̀. Ẹran ibẹ̀ á pàdé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àmọ́ egungun á lo ọ̀pọ̀ oṣù.

Ìgbà tí ò yẹ kẹ́ ẹ dúró

Ní ọdún 1836, dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Wilhelm Frederick von Ludwig ṣàpèjúwe àrùn kan tó ń mú kí abẹ́ àgbọ̀n wú, tó ń ti ahọ́n sókè, tó sì lè dí ọ̀nà èémí. Ludwig's angina ni wọ́n ń pè é títí dòní, eyín ìsàlẹ̀ tó jẹrà ló sì sábà máa ń fà á. Ó lè pa èèyàn láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Torí náà, tí abẹ́ àgbọ̀n bá ń wú, tí ibà wà níbẹ̀, tí ẹnu ò ṣeé là, tí itọ́ ò ṣeé gbé mì tàbí tí èémí ń há, ẹ má dúró di àárọ̀. Wọn kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù lójú ẹsẹ̀. Láti Kúta, àwọn ilé ìwòsàn ńlá tó ní àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹnu ni OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ àti UCH ní Ìbàdàn.

Tẹ́ ẹ bá mọ ẹnì kan tó ń sọ pé "eyín mi ò dùn mí mọ́" àmọ́ tí ihò ṣì wà níbẹ̀, ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ sí i. Kó lọ ṣàyẹ̀wò lọ́sẹ̀ yìí, nígbà tí dókítà ṣì lè rí nǹkan ṣe sí i wọ́ọ́rọ́wọ́.