Bí A Ṣe Ń Ka Ohun Tí A Kò Lè Rí Tán

Ẹ̀yin ará, bí ẹnìkan bá ní kí ẹ ka iye ẹja tó wà nínú adágún kan, kí ni ẹ ó ṣe? Ẹ kò lè gbọ́n omi náà gbẹ, ẹja kì í sì í tò sórí ìlà. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ ń mọ iye rẹ̀, ìṣirò ìpín tí gbogbo wa kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n sì ń lò.

Ọ̀nà rẹ̀ nìyí. Ẹ mú ẹja 60, ẹ fi àmì sí wọn lára, kí ẹ dá wọn padà sínú omi láàyè. Ẹ fún wọn ní ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n lè dà pọ̀ mọ́ àwọn yòókù, kí ẹ tó tún da àwọ̀n sílẹ̀. Ká ní ẹja 80 ni ẹ mú lẹ́ẹ̀kejì, tí 12 nínú wọn sì ní àmì. Ìpín 15 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. A jẹ́ pé ẹja 60 tí ẹ sàmì sí náà jẹ́ nǹkan bí ìpín 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ẹja inú adágún. Ẹ fi 80 sọ 60 di púpọ̀, kí ẹ fi 12 pín èsì rẹ̀: ẹ ó rí 400.

Ní ọdún 1930, Frederick Lincoln, tó ń ṣe kòkáárí ètò fífi òrùka sẹ́sẹ̀ ẹyẹ fún ìjọba Amẹ́ríkà, lo irú ìṣirò yìí fún pẹ́pẹ́yẹ igbó. Àwọn ọdẹ ni àwọ̀n tirẹ̀. Ọdẹ tó bá pa ẹyẹ tó ní òrùka yóò fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká ní a fi òrùka sí pẹ́pẹ́yẹ 5,000, tí ìròyìn 600 sì wọlé ní sáà ọdẹ kan. Ìpín 12 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Bí àpapọ̀ ohun tí gbogbo ọdẹ pa bá jẹ́ mílíọ̀nù 5, iye pẹ́pẹ́yẹ tó wà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọdẹ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 42.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé. Ká ní ìdajì àwọn tó rí òrùka kàn jù ú sápò, tí wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìròyìn 300 péré ni yóò wọlé. Ìpín náà yóò di 6, èsì ìṣirò yóò sì di nǹkan bíi mílíọ̀nù 83. Ẹyẹ kan ṣoṣo kò lé sí i, ṣùgbọ́n lórí ìwé, wọ́n ti di ìlọ́po méjì. Bí ìjọba bá tẹ̀lé ìwé yẹn láti sọ iye tí ọdẹ lè pa lọ́dún tó ń bọ̀, ẹyẹ lè máa tán lọ nígbà tí ìwé ń sọ pé wọ́n pọ̀.

Ìṣirò náà kò ṣì. Ohun tí a kó fún un ni kò pé. Bákan náà ni yóò rí bí àmì bá ń bọ́ lára ẹja, tàbí bí ẹja tó ti bọ́ sínú àwọ̀n rí bá ń sá fún un.

Fún ìjíròrò:

1. Ẹja 400 ló wà nínú adágún wa. Bí àmì bá bọ́ lára 20 nínú 60, mélòó nínú ẹja 80 ni ẹ retí pé yóò ní àmì? Kí ni ìṣirò yóò sọ? (Ìdáhùn: 8, yóò sọ pé 600.)

2. Nínú ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ yín, ta ni yóò gbé ìpinnu rẹ̀ lé iye tí ẹ kọ sílẹ̀? Ǹjẹ́ òrùka kankan wà nínú àpò yín?