Orúkọ Tó Wà Nísàlẹ̀ Ìlà

Bí ènìyàn bá rìn láti Lágere lọ sí Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀ níbí ní ọjọ́ Sátidé, yóò rí pátákó tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sí lẹ́nu ilé tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù. Orúkọ ẹgbẹ́ méjì tó fẹ́ pàdé ni wọ́n kọ síbẹ̀, àti aago tí eré yóò bẹ̀rẹ̀, àti iye owó ìwọlé. Púpọ̀ nínú yín ti ń ka pátákó náà fúnra yín, ẹ kì í bi ọmọdé léèrè mọ́. Ẹ kú oríire.

Ìwé mìíràn wà tí ó ṣòro kà ju pátákó yẹn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ènìyàn lásán ni ó wà nínú rẹ̀. Ìwé náà ni èyí tí akọ́nimọ̀ọ́gbá máa ń kọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Orúkọ 11 ni yóò wà lókè. Lẹ́yìn náà, ìlà kan. Lábẹ́ ìlà náà ni orúkọ àwọn arọ́pò yóò wà, ìyẹn àwọn tí yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí a ó fi pè wọ́n. Ìwé yìí ló ń dá ariwo sílẹ̀ ní gbogbo ibi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù. Ẹnìkan á ní, "Kí ló dé tí wọ́n fi lágbájá sórí bẹ́ǹṣì? Ṣebí òun ló jẹ góòlù lọ́jọ́sí!" Ẹlòmíràn á ní akọ́nimọ̀ọ́gbá kò mọ nǹkan kan. Lónìí, ẹ jẹ́ kí á kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé náà, pàápàá jù lọ ibi tí orúkọ àwọn tó ń gbá iwájú wà.

Orúkọ aṣọ́lé ni wọ́n sábà máa ń kọ ṣáájú. Àwọn ọwọ́ ẹ̀yìn ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn wọn àwọn ọwọ́ àárín, kí ó tó wá kan àwọn ọwọ́ iwájú. Nínú àwọn ti iwájú ni a ti ń rí ẹni tí a ń pè ní atamátàsé. Ẹ pín ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́: a-ta-má-tà-sé. Ẹni tí ń ta tí kì í tàsé. Ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́fà àti ọdẹ ni. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé kò sí ọdẹ tí kì í tàsé rárá. Ọdẹ lè wọ igbó láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀ kí ó má rí ju ẹran kan lọ, kí ó sì tàsé òun náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni atamátàsé. Ó lè sáré fún wákàtí kan àti ààbọ̀, kí bọ́ọ̀lù tó dára má kàn án ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ wo Rashidi Yekini. Kaduna ni wọ́n ti bí i ní 1963, ṣùgbọ́n ará Ìrá ní ìpínlẹ̀ Kwara ni àwọn ènìyàn rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí nígbà tí ó kú ní 2012. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars ní Ìbàdàn, ó sì gbá a ní Abidjan àti ní ilẹ̀ Pọ́túgà. Ní 1993 wọ́n yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè náà. Góòlù 37 ni ó jẹ fún Nàìjíríà nínú eré 58. Ẹ mú píńsù yín, kí ẹ yọ 37 kúrò nínú 58. Yóò ku 21. Bí a bá tilẹ̀ ní góòlù kan ṣoṣo ni ó ń jẹ nínú eré kan, eré 21 ló wà tí kò jẹ góòlù rárá. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ó máa ń jẹ méjì nígbà mìíràn, nítorí náà eré tí kò ti jẹ góòlù ju 21 lọ. Àkọni ni. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ń bú atamátàsé torí pé kò jẹ góòlù lónìí, kí ó kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí.

Ọdún 1994 ni ó fi bí a ṣe ń yan ọwọ́ iwájú hàn wá jù. Ilẹ̀ Túníṣíà ni wọ́n ti díje fún ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní ọdún náà. Clemens Westerhof, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wa. Nínú eré àkọ́kọ́, Nàìjíríà na Gabon ní 3 sí 0, Yekini jẹ 2 nínú rẹ̀. Ti Íjíbítì parí sí ọ̀mì, 0 sí 0. A na Zaire ní 2 sí 0, Yekini ló jẹ méjèèjì. Àwa àti Ivory Coast ta ọ̀mì 2 sí 2, Yekini jẹ ọ̀kan níbẹ̀, pẹ́náritì ni a fi borí wọn. Góòlù 5 nìyẹn, òun ló sì jẹ góòlù jù nínú ìdíje náà. Gbogbo ọwọ́ ẹ̀yìn ló ti mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ti mọ ibi tí ó máa ń dúró sí.

Ó wá ku eré àṣekágbá, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, àwa àti Zambia. (Ẹgbẹ́ Zambia yìí yẹ ní kíkí. Kò tíì pé ọdún kan tí ọkọ̀ òfuurufú tó gbé àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn já sínú òkun ní Gabon, tí gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ kú. Ẹgbẹ́ tuntun ni wọ́n kó jọ, ẹgbẹ́ tuntun náà sì dé eré àṣekágbá.) Ní ọjọ́ náà, Westerhof gbé orúkọ kan láti ìsàlẹ̀ ìlà lọ sókè. Emmanuel Amunike ni, tí ń gbá iwájú ní apá òsì. Ọ̀pọ̀ àkókò ìdíje náà ni ó ti fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ kíyè sí i pé Westerhof kò yọ Yekini. Ẹni tí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yekini ni ó pààrọ̀. Bí àwọn ọ̀tá bá kó gbogbo ojú wọn sí ara ẹnìkan, ẹlòmíràn lè gba ibòmíràn wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì ṣì lágbára.

Zambia ló kọ́kọ́ jẹ góòlù, nígbà tí eré kò tíì pé ìṣẹ́jú 5. Kíá ni Amunike dá a padà. Nígbà tí ìdajì kejì bẹ̀rẹ̀, kò pẹ́ rárá tí ó fi jẹ èkejì. Nàìjíríà 2, Zambia 1. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, nígbà tí a kọ́kọ́ dé ìdíje Ife Àgbáyé ní Amẹ́ríkà, a na Bulgaria ní 3 sí 0: Yekini jẹ ọ̀kan, Daniel Amokachi jẹ ọ̀kan, Amunike jẹ ọ̀kan. Nígbà tí ọdún náà parí, ta ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà? Amunike, ẹni bẹ́ǹṣì ní oṣù Kẹta.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá fi agbábọ́ọ̀lù sórí bẹ́ǹṣì, ìyà ni a fi jẹ ẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn eré tó le, ó máa ń tó ọjọ́ 2 tàbí 3 kí iṣan ẹsẹ̀ tó padà sípò, ẹni tó bá sì ń fi ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ sáré kíkankíkan, iṣan rẹ̀ lè já. Ẹ wá wo iye eré. Ẹgbẹ́ 20 ló ń wà nínú líìgì àgbà ilẹ̀ wa. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń pàdé 19 yòókù lẹ́ẹ̀mejì, nílé àti níta. 19 lọ́nà 2 jẹ́ 38. Ẹgbẹ́ bíi Shooting Stars ti Ìbàdàn, tàbí Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ tó gba ife líìgì náà ní 2025, lè rìnrìn àjò lọ sí Kánò ní ọ̀sẹ̀ yìí kí ó tún padà wá gbá òmíràn nílé. Ta ló lè fi ènìyàn 11 kan náà ṣe gbogbo rẹ̀? Àwọn aṣòfin bọ́ọ̀lù náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ó tó di 1970, kò sí arọ́pò kankan nínú ìdíje Ife Àgbáyé. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣẹ́, ẹgbẹ́ rẹ̀ á dín kan ni. Láti 2020, wọ́n ti gbà kí a lè pààrọ̀ ènìyàn 5 nínú eré kan. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ìlà ti di apá kan iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun mìíràn tún wà tí ìwé kì í sọ. Iye góòlù nìkan kọ́ ni a fi ń yan ọwọ́ iwájú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, nínú ìdíje ife Áfíríkà ní Ivory Coast, góòlù 1 péré ni Victor Osimhen jẹ, ẹni tó ti jẹ 26 nínú líìgì Ítálì fún Napoli ní sáà 2022 sí 2023. Ademola Lookman jẹ 3. Àwọn kan níbi tí àwa ti ń wo bọ́ọ̀lù ń pariwo pé kí wọ́n yọ Osimhen. Ṣùgbọ́n ẹ rántí eré àwa àti Kamẹrúùnù, tí a fi 2 sí 0 borí. Lookman ló jẹ méjèèjì. Báwo ni èkíní ṣe wáyé? Osimhen ló sáré lé ọwọ́ ẹ̀yìn wọn, tó já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tó sì gbé e fún Lookman. Orúkọ Lookman ni wọ́n kọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń ka orúkọ tí wọn kò kọ pẹ̀lú.

Àwa náà ti kọ irú ìwé yìí rí, a sì ṣe àṣìṣe. Nígbà tí a jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, àwa ni a ń yan àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé. Ọmọkùnrin kan wà tí ó ń jẹ góòlù bí ẹni ń mu omi. Òmíràn wà tí ó yá lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Eré 4 ni a gbá láàárín ọjọ́ 9. Ọmọ àkọ́kọ́ ni a lò nínú gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn eré kẹta, a rí i pé ó ń tiro díẹ̀. A fi òróró pa ẹsẹ̀ rẹ̀, a ní yóò dára. Orúkọ èkejì wà ní nọ́ńbà 13, lábẹ́ ìlà, nínú ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá ọmọ kejì yìí. Kò mọ̀wé. Ẹnìkan ló fi ìka tọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀ hàn án lára ògiri, inú rẹ̀ dùn, ó pa iṣẹ́ tì, ó sì kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá wòran. Kò sí ẹni tó sọ ìtumọ̀ ìlà fún un. Ní ọjọ́ eré àṣekágbá, ọmọ àkọ́kọ́ kò lè sáré mọ́ kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. A kò yọ ọ́. A ń rò pé orúkọ rẹ̀ nìkan yóò dẹ́rù ba àwọn ọ̀tá. Wọ́n na wá ní 1 sí 0, ọmọ kejì kò sì kúrò lórí bẹ́ǹṣì.

Nígbà tí èrò tú ká, bàbá náà wá bá wa. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Wọ́n ní orúkọ ọmọ mi wà nínú ìwé yín. Kí ni ọmọ náà ṣe tí ẹ fi fìyà jẹ ẹ́ lójú gbogbo ènìyàn?"

A ní, "Ẹ dìde, Bàbá. Kò ṣe nǹkan kan. A fi í pamọ́ ni."

Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ìgbà wo ni ẹ wá fẹ́ lò ó?"

A kò rí èsì fún un. Eré ti tán fún ọdún náà, ọmọ ti wà ní kíláàsì kẹfà. Ọmọ àkọ́kọ́, ẹ̀wẹ̀, tiro fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ra ìwé kékeré kan. A fa ìlà sí i. A ń kọ ọjọ́ eré, orúkọ ọmọ, ìṣẹ́jú tí ó gbá, góòlù tí ó jẹ, góòlù tí ó ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti jẹ, àti bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe rí lẹ́yìn eré. Bí ọmọ kan bá ti gbá eré 2 tẹ̀ léra, a óò wo ìwé kí a tó kọ orúkọ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Èyí tó bá sì wà nísàlẹ̀ ìlà, a óò pè é sí kọ̀rọ̀ kí a tó lẹ ìwé mọ́ ògiri, a óò sọ ìdí rẹ̀ fún un, àti eré tí a fẹ́ lò ó. Inú wọn kì í sábà dùn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ ọ́ fún àwọn òbí wọn nílé kí wọ́n tó wá.

IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Góòlù mélòó ni Yekini jẹ ní Túníṣíà ní 1994? Ta ni ó jẹ góòlù wa nínú eré àṣekágbá?

2. Bí agbábọ́ọ̀lù kan bá gbá eré 24 nínú 38, eré mélòó ni kò gbá?

3. Kí ni ìwọ ìbá sọ fún bàbá ọmọ náà?

4. Kọ orúkọ ènìyàn 16 tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní àdúgbò rẹ. Fa ìlà sábẹ́ 11. Kọ ìdí kan síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan tó wà nísàlẹ̀ ìlà, kí o sì mú ìwé náà wá sí kíláàsì.