Ẹ̀yin Ọmọ Ṣómólú àti Bàrígà, Ẹ Má Ra Ìwé Ẹ̀rí Èdè Jámánì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé láàárín oṣù méjì òun á jẹ́ kí ẹ gbọ́ èdè Jámánì dé B2, ìpele tí èèyàn ti lè sọ ọ́ dáadáa, ẹ má fún un lówó. Bó bá tún ní òun mọ ọ̀nà tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lè gbà jáde láì jókòó ṣe ìdánwò, ẹ sá fún un.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó fẹ́ lọ kàwé ní Jámánì ń pọ̀ sí i, n kò sì bá wọn wí. Púpọ̀ nínú yunifásítì ìjọba níbẹ̀ kì í gba owó ilé-ẹ̀kọ́, àfi bíi ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg, tó ti ń gba 1,500 yúrò ní sáà kọ̀ọ̀kan láti ọdún 2017 lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ọmọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ọ̀rọ̀ “ọ̀fẹ́” yìí ni àwọn ejẹ́ǹtì fi ń fa èèyàn mọ́ra. Wọn kì í sọ ìyókù.

Èsì WAEC nìkan kì í sábà gbé èèyàn wọ yunifásítì Jámánì tààrà. Ọ̀pọ̀ ló ní láti kọ́kọ́ gba Studienkolleg kọjá, ilé-ẹ̀kọ́ ìgbáradì onísáà méjì, èdè Jámánì ni wọ́n sì fi ń ṣe ìdánwò àtiwọlé ibẹ̀ pàápàá. Owó oúnjẹ àti ilé tún wà ńbẹ̀: láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá físà gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní 11,904 yúrò fún ọdún kan. Inú àkáǹtì kan tí wọ́n ń dí pa ló sábà máa ń wà, 992 yúrò péré ni wọn yóò sì máa tú sílẹ̀ fún un lóṣù.

Lórí èdè gan-an ni irọ́ ti pọ̀ jù. Goethe-Institut, ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ni ní èdè Jámánì, ti wà ní Èkó láti ọdún 1962, wọ́n sì sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó ń lọ sí B2 nílò ẹ̀kọ́ 600 sí 800, ìṣẹ́jú 45 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ̀kọ́ 600 jẹ́ wákàtí 450. Ẹni tó bá ń kọ́ ọ ní wákàtí méjì lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, yóò lo ọ̀sẹ̀ 45, láì tíì ka àkókò tó fi ń dá kàwé nílé. Oṣù méjì dà níbẹ̀?

Nípa ìwé ẹ̀rí rírà, ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí nítorí Ṣómólú. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló sọ àdúgbò yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Heidelberg tí àwọn atẹ̀wé wa fi ń pe ẹ̀rọ wọn, ìlú kan ní Jámánì ni, yunifásítì ibẹ̀ sì ti wà láti ọdún 1386. Iṣẹ́ àṣelà ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ náà ṣe, kí ẹnikẹ́ni má fi ayédèrú ìwé ba orúkọ wọn jẹ́. Ìwé ẹ̀rí ṣeé yẹ̀ wò lọ́dọ̀ àwọn tó fúnni. Òṣìṣẹ́ físà sì lè da èdè Jámánì bo èèyàn lójijì, kó máa retí èsì. Ẹni tí wọ́n bá ká ayédèrú mọ́ lọ́wọ́, físà bọ́ nù, ó sì lè di ẹjọ́. Ká tilẹ̀ ní ó mú un jẹ, kí ni yóò ṣe nínú kíláàsì tí olùkọ́ ti ń sọ̀rọ̀ tí kò gbọ́?

Bàrígà náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lórí èdè kíkọ́: CMS Grammar School, tó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ míṣọ́nárì CMS, wà níbí. Àwọn ará Jámánì wà lára àwọn míṣọ́nárì CMS tó kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá: Gollmer dé Àgbádárìgì lọ́dún 1845, Hinderer sì fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé lọ́dún 1853. Hinderer kọ́ èdè wa títí tó fi túmọ̀ ìwé Bunyan, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún láàárín àwọn Ìbàdàn ló gbà á, kò sì sí ọ̀nà àbùjá kankan fún ọmọ Bàrígà tó fẹ́ gbọ́ èdè Jámánì.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ èdè àti àṣà Jámánì dé ìpele oyè, Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ ti ń kọ́ni ní in tipẹ́. Ẹ sì tún fi èyí sọ́kàn: ilé aṣojú ìjọba Jámánì kì í gba kọ́bọ̀ kí wọ́n tó fúnni ní ọjọ́ ìpàdé. Ẹni tó bá ń tà á fún yín, gbájúẹ̀ ni.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má tíì ta ilẹ̀, ẹ má tíì yáwó àjọ. Ẹ san owó ẹ̀kọ́ A1, ìpele àkọ́kọ́, nìkan ná, kí ọmọ náà lọ jókòó ṣe ìdánwò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá yege, ẹ wá jọ sọ̀rọ̀ owó yòókù.