Àpótí Ìmọ̀: Lugard àti òpin òmìnira Ẹ̀gbá

Frederick Lugard, sójà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí sí Íńdíà ní 1858, ti ṣe olórí Àríwá Nàìjíríà, ó sì ti ṣe gómìnà Hong Kong (1907 sí 1912), kó tó so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1914. Síbẹ̀, àwọn Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta ṣì ń ṣe ìjọba ara wọn, nítorí àdéhùn 1893 tí Carter, gómìnà Èkó, bá wọn ṣe.

Àtìmọ́lé ni Pọ́nládé, àgbàlagbà ará Ìjemọ̀, àdúgbò kan ní Abẹ́òkúta, kú sí lọ́dún 1914 yẹn. Inú bí àwọn èèyàn rẹ̀. Wọ́n ní kí Adégbóyèga Ẹdun, akọ̀wé ìjọba Ẹ̀gbá, fi ipò sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ, ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kógun ja Jámánì, àwọn sójà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu èrò ní Ìjemọ̀. Olúwo, olóyè Ìjemọ̀, wà lára àwọn tó kú. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń bèèrè ẹ̀tọ́ ni wọ́n ta sílẹ̀, kò sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan fò ó dá.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹsàn-án, nígbà ayé Aláké Gbádébọ̀ Kìíní, àdéhùn tuntun fòpin sí òmìnira náà.

Lọ́dún 1918 ni Lugard gbé owó orí dé. Nítorí owó orí yìí ni ọ̀tẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ogun Adùbí fi bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá: àwọn ará oko hú irin rélùwéè, wọ́n sì pa Òṣilẹ̀, ọba Òkè-Ọnà. Àwọn sójà tó ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé ló ṣẹ́gun wọn. Lugard gba oyè Báárọ̀nì ní 1928. Ó kú ní 1945.